Rádíò ti obìnrin, rádíò ti ọkùnrin: ṣé ó ṣì bójú mu?

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ rò. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ eré, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré.

Ohùn rádíò ń lọ síbi gbogbo. Ó ń wọ oko iṣu, ó ń dé abẹ́ igi kàjú, ó ń wọ ilé ìdáná, ó ń wọ ọjà. Kò béèrè bóyá ọkùnrin ló jókòó níbẹ̀ tàbí obìnrin. Ẹni tó bá ní etí ni yóò gbọ́. Kí ló wá dé tí àwọn tó ń ṣe rádíò fi máa ń sọ pé: “Ètò tó kàn yìí, ti àwọn obìnrin ni”? Ṣé ọ̀rọ̀ ní akọ àti abo ni?

Àwọn kan ń sọ pé àsìkò irú ètò bẹ́ẹ̀ ti kọjá. Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ jù. Wọ́n ní láti ọdún 2006 ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ti di ọ̀fẹ́, tí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà. Wọ́n ní ní ọdún 2021, obìnrin kan, Mariam Chabi Talata, di igbákejì ààrẹ orílẹ̀-èdè Benin. Kí ni a tún ń fi ọgbà yí àwọn obìnrin ká sí lórí rádíò? Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì tán síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń rí nínú kíláàsì àwọn àgbà. Èmi tí mo ń kọ èyí, ọkùnrin ni mí. Ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo ní, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà. Ní alẹ́ tí ọkùnrin àti obìnrin bá jọ wá, tí mo bá béèrè nǹkan, ọkùnrin ló máa ń dáhùn. Àwọn obìnrin á tẹjú mọ́ pátákó. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Bàbá ọkọ lè wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ lè wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu irú àwọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ti dìde lọ, tí ó ku àwọn obìnrin nìkan, ìgbà yẹn ni ìbéèrè máa ń jáde.

Kí ni wọ́n ń béèrè? Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ oyún ni, tàbí ọ̀rọ̀ orogún. Rárá o. Ní àsìkò kàjú, ohun tí wọ́n ń béèrè jù ni bí a ṣe ń ka òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń ra kàjú á gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ kọ́, á ní kílò 18 ni. Obìnrin náà mọ̀ pé ẹrù òun ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí orí òun ló fi rù ú wá láti oko. Bí tóńgólò ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ọwọ́ òṣùwọ̀n ń nà sí. Kílò kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin. Kílò tí ọkùnrin ń tà àti kílò tí obìnrin ń tà, ọ̀kan náà ni. Síbẹ̀, láàárín obìnrin nìkan ni ìbéèrè yẹn ti rí ẹnu jáde.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló ní akọ àti abo, àyè ni. Àyè kan wà tí ènìyàn ti lè la ẹnu, àyè mìíràn sì wà tí kò ti lè là á. Bí ètò àwọn obìnrin bá jẹ́ àyè tí obìnrin ti ń la ẹnu, ó ṣì wúlò títí di òní. Bí ó bá jẹ́ ibi tí a ti ń kó wọn jọ láti máa kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi orin sí i. Orin dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ rántí bí rádíò ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 1953 ni rádíò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, nígbà tí a ṣì ń pè é ní Dahomey. Kútọnu ló wà. Ní ọdún 1983, Parakou ní tirẹ̀. Láti ọdún 1994, àwọn rádíò ìgbèríko bẹ̀rẹ̀, bíi ti Ouèssè àti ti Banikoara. Òfin ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1997 ló wá ṣí ọ̀nà fún àwọn rádíò tí kì í ṣe ti ìjọba. Ní agbègbè Collines tiwa yìí, Savalou ní rádíò, Dassa ní, Glazoué náà ní. Ẹni tó bá yí rádíò rẹ̀ ní Koko tàbí ní Bantè lè gbọ́ èdè tí ìyá rẹ̀ fi bí i.

Ṣùgbọ́n ta ló ń yí i? Nígbà tí a wà ní kékeré, rádíò kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú agbo ilé. Bàbá ló ni ín. Bàbá ló ń ra òkúta sí i. Tí bàbá bá ń lọ sóko, á gbé e kọ́ ẹ̀ka igi. Tí ó bá dé, á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀. Ẹni tó ra òkúta ló ń yan ibi tí a ó gbọ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi wákàtí mẹ́ta fún àwọn obìnrin, bí bàbá kò bá yí i síbẹ̀, òfo ni.

Lónìí, fóònù kékeré pàápàá ní rádíò nínú. Ọ̀pọ̀ obìnrin ti ní tirẹ̀, ó so ó mọ́ ìdí ìró, ó ń bá a lọ sí odò. Nítorí náà ẹnì kan lè ní ìṣòro ti tán. Kò tíì tán. Ó ku ọ̀rọ̀ agogo. Ẹ wo obìnrin ilé kan láti òwúrọ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó ti ń gbálẹ̀, tó ń pọn omi, tó ń dáná. Lẹ́yìn náà oko ni, tàbí ọjà, tàbí gàrí yíyan. Ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣófo, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ máa ń ṣófo. Ẹni tó ń yan gàrí lè gbọ́ rádíò. Ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ lè gbọ́ ọ. Ẹni tó ń gún iyán kò lè gbọ́ nǹkan kan. Rádíò tó bá wá fi ètò àwọn obìnrin sí agogo méje alẹ́, ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Ní agogo méje alẹ́, odó ń dún káàkiri ìlú. Kò sí rádíò tí ohùn rẹ̀ borí ti odó. Ọkùnrin tó jókòó tó ń dúró de iyán nìkan ni yóò gbọ́ ètò àwọn obìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1946, wọ́n pè é ní Wákàtí Obìnrin. Agogo méjì ọ̀sán ni wọ́n fi sí. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ní kó máa darí rẹ̀, ọkùnrin ni, Alan Ivimey ni orúkọ rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn obìnrin ló wá gba ètò náà nígbà tó yá, ó sì ṣì wà títí di òní. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń gbọ́ ọ. Wọn kò ní kí ọkùnrin má gbọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé obìnrin ni a ń bá sọ̀rọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Zimbabwe. Ní nǹkan bí ọdún 1988, àwọn obìnrin oníròyìn níbẹ̀ dá ohun kan sílẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ rádíò ìjọba. Wọ́n kó àwọn obìnrin abúlé jọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jókòó pọ̀ gbọ́ rádíò. Títí dé ibẹ̀, kò sí nǹkan tuntun. Ohun tuntun ni pé àwọn obìnrin náà ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn ara wọn sórí kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Kásẹ́ẹ̀tì á lọ sí ilé rádíò. Àwọn òṣìṣẹ́ rádíò á gbé e lọ bá aláṣẹ tí ọ̀rọ̀ náà kàn, wọ́n á gba ìdáhùn tirẹ̀ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ìbéèrè àti ìdáhùn jáde pọ̀. Ẹ rò ó wò: obìnrin tí kò kọjá ọjà abúlé rẹ̀ rí béèrè nǹkan lọ́wọ́ ìjọba, gbogbo ìlú gbọ́ ìbéèrè rẹ̀, gbogbo ìlú sì ń dúró de ìdáhùn. Aláṣẹ kò lè sọ mọ́ pé òun kò gbọ́.

Ní Èkó, lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà, Toun Okewale Sonaiya dá odidi rádíò sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ní òpin ọdún 2015. WFM 91.7 ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe wákàtí kan, gbogbo ọjọ́ ni.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó tàbí ọ̀rọ̀ ìlú ńlá ni mo ń sọ. Kí rádíò tó dé, àwa Nàgó ti ní ọ̀rọ̀ tí a ń bá ọkùnrin nìkan sọ, a sì ní èyí tí a ń bá obìnrin sọ. Ní ìlú bíi Sakété, nígbà tí Orò bá ń ké, obìnrin á wọlé, á ti ilẹ̀kùn. Ohùn náà ń dé etí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jáde wò ó, kò sì gbọdọ̀ dá sí i. Ọ̀nà kan nìyẹn. Ẹ wá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu. Àwọn ọkùnrin ló ń gbé ère náà sórí, àwọn ìyá sì ni wọ́n ń ṣe é fún. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, olórin á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú. Ẹni tó hùwà burúkú á gbọ́ tirẹ̀ níbẹ̀, kódà bó jẹ́ ènìyàn ńlá. Gbogbo ìlú, tọkùnrin tobìnrin, ló jókòó tó ń gbọ́. Àwọn ìyá ni a ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a tilẹ̀kùn mọ́. Ní ọdún 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun iyebíye gbogbo ayé. Bí ẹ bá bi mí pé ọ̀nà wo ni kí rádíò tọ̀ nínú méjèèjì, ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni màá mú.

Kí ló dé tí mo fi mú un? Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ogún, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ta ènìyàn bí ẹ̀gún.

Ní ọdún 1931, àwọn Faransé kọ ìwé kan nípa àṣà ilẹ̀ Dahomey. Ìwé náà kò fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti dá dúró níwájú òfin, ó sì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n ń lo ìwé náà ní kóòtù. Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004 ni ààrẹ fi ọwọ́ sí òfin ẹbí tuntun. Òfin yìí ní ọmọbìnrin ní ìpín nínú ogún bíi ti ọmọkùnrin. Ó ní opó ní ìpín tirẹ̀ nínú ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ní ọdún 2013, òfin ilẹ̀ tún sọ pé ọkùnrin àti obìnrin ní ẹ̀tọ́ kan náà láti ní ilẹ̀.

Ká sọ pé ọkọ obìnrin kan kú. Ó fi oko kàjú sílẹ̀. Obìnrin náà bá a gbin igi wọ̀nyẹn, ó bá a ro ó, ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí pe ìpàdé. Àbúrò ọkọ ní oko ti di ti òun.

Bó bá jẹ́ pé ètò àwọn obìnrin nìkan ló sọ̀rọ̀ òfin náà, tí àwọn ọkùnrin kò sì gbọ́ ọ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Obìnrin náà á ní: “Òfin wà.” Àbúrò ọkọ á ní: “Òfin wo? Ta ló kọ́ ọ ní ìjà?” Kì í ṣe pé ènìyàn burúkú ni dandan. Kò gbọ́ ọ rí. Lójú tirẹ̀, obìnrin náà ló fẹ́ tú ẹbí ká. Ìmọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀ nínú ilé, ìjà ló máa ń dà nígbà mìíràn.

Ẹ yí i padà. Ká ní ètò gbogbo ènìyàn nìkan ló sọ ọ́. Àwọn ọkùnrin gbọ́. Obìnrin náà gbọ́ díẹ̀, nítorí odó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí kò lè béèrè níwájú ẹbí ọkọ: “Èmi tí wọ́n fi ẹmu àti obì gbé níyàwó, tí a kò dé mẹ́rì rí, ṣé opó ni òfin yóò kà mí sí?” Ẹ ò rí i pé ìbéèrè yìí le? Òfin ọdún 2004 kò ka ìgbéyàwó sí àfi èyí tí a ṣe níwájú mẹ́rì. Ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti ìyá wọn wà nínú ewu. Obìnrin tó bá mọ èyí nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè lè bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n lọ sí mẹ́rì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ìsìnkú, ó ti pẹ́. Níbo ni obìnrin ti máa béèrè irú nǹkan yìí? Ní ibi tí obìnrin wà ni, lọ́dọ̀ obìnrin tó mọ òfin, ní wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ó ń tú ilé.

Nítorí náà méjèèjì ni a nílò. Kí àwọn obìnrin kọ́kọ́ béèrè ní wákàtí tiwọn. Kí rádíò gba ìbéèrè wọn sílẹ̀ láì dárúkọ ẹni kankan. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tún gbé e jáde pẹ̀lú ìdáhùn ní wákàtí gbogbo ènìyàn, kí àbúrò ọkọ náà gbọ́ kí ikú tó dé.

Ó wà ní ohun kan tó ń bí mi nínú. Àwọn nǹkan kan wà tí a máa ń jù sínú ètò àwọn obìnrin kí ọkùnrin lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ibà ọmọdé, abẹ́rẹ́ àjẹsára, àpò ẹ̀fọn: “Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o.” Ìyá gbọ́. Ìyá mọ̀ pé ara ọmọ gbóná, ó yẹ kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nísinsìnyí. Ta ló ní owó zémìjàn lápò? Bàbá ni. Ta ni wọn kò bá sọ̀rọ̀? Bàbá náà ni. Ibẹ̀ ni ètò àwọn obìnrin ti di ìpalára. Ohun tó bá kan ẹ̀mí ọmọ, kí wọ́n máa pe bàbá lórúkọ nínú rẹ̀.

Ti àwọn ọkùnrin ńkọ́? Ṣé kò yẹ kí wọ́n ní ètò tiwọn? Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Wọ́n ti ní in tẹ́lẹ̀, a kàn kò fún un lórúkọ ni. Ẹ gbọ́ ìjíròrò ìṣèlú, ẹ gbọ́ ti bọ́ọ̀lù, ẹ gbọ́ ti owó oko. Nígbà tí ìjọba ní láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024 a kò gbọdọ̀ kó kàjú tí a kò tíì ṣe jáde ní orílẹ̀-èdè, àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ títí. Ohùn ọkùnrin ni mo gbọ́ jù. Ta ló ń ṣa kàjú nílẹ̀, tó ń tẹ̀ ba láti àárọ̀? Ẹ lọ sí oko yín, kí ẹ wò.

Síbẹ̀, irú ètò ọkùnrin kan wà tí màá fẹ́ gbọ́. Ní orílẹ̀-èdè Niger, ní agbègbè Zinder, wọ́n dá ohun kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọkọ. Àwọn ọkùnrin tó ti ní ìyàwó ló ń jókòó níbẹ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí oyún, ìbímọ àti ilé ìwòsàn. Ọkùnrin ló ń bá ọkùnrin sọ ọ́, nítorí àwọn nǹkan kan wà tí ọkùnrin náà kì í lè béèrè níwájú obìnrin. Ó ń tijú. Ó fẹ́ kí wọ́n rò pé òun mọ̀ ọ́n. Bí àyè ti wúlò fún obìnrin láti la ẹnu, ó wúlò fún ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ohun tí kò mọ̀, kì í ṣe lórí èyí tó ti ń sọ lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí rádíò wa béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin ní èdè wa: Ìyàwó rẹ wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ti ṣú, ìrọbí dé. Ta ni onízémìjàn tí o ti bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀? Mélòó ni owó tí o ti yà sọ́tọ̀, níbo lo fi pamọ́ sí, ṣé ìyàwó rẹ mọ ibẹ̀ bí ìwọ bá wà lóko? Ta ni yóò dúró ti àwọn ọmọ tó kù? Kí ọkùnrin mìíràn tí ó ti rí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ bó ṣe ṣe é. Agogo méje alẹ́ ni kí wọ́n fi í sí. Àwọn ọkùnrin á ti jókòó nígbà yẹn, wọ́n á máa dúró de iyán.